Aginjù Tó Wà Lẹ́yìn Ilé Wa

Iṣẹ́ ọkọ mi ni kó máa mú àwọn ará Sófíà wọ inú aginjù. Ẹ̀yìn ilé wa ni aginjù náà wà. Bí èèyàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná mi, tó sọ òkò sókè dáadáa, ó lè fọ́ ẹnì kan lórí nínú aginjù yẹn.

Ọkọ̀ tó ń gbá yìnyín kúrò lójú títì ni Ognyan ń wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó sílé fún odidi ìgbà òtútù kan, ó ń wo òkè bí ẹni ń wo àna tó ṣẹ̀ ẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló ṣàdédé dìde lórí àga.

"Ìyá Nedelya," ó ní, "mo ti rí i. Àwọn ará ìlú ńlá ò ní ìdákẹ́jẹ́. Àwa ní in."

Mo ní, "Ìdákẹ́jẹ́ wo? Àwọn ọ̀dọ́ ló lọ tán tá ò fi gbọ́ ariwo mọ́. Nedelya ọmọ wa gan-an, ṣebí Plovdiv ló wà."

"Bí a ṣe ń pè é níbí nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń pè é ní Sófíà yàtọ̀."

Bó ṣe lọ ra bàtà yìnyín nìyẹn, èyí tó fẹ̀ bí ajọ̀, tí wọ́n ń so mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà kí ẹsẹ̀ má baà rì. Ó ra síkì náà, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tí wọ́n ń dè mọ́ ẹsẹ̀, tí wọ́n fi ń yọ̀ lọ lórí yìnyín pẹ̀lú ọ̀pá méjì lọ́wọ́, bí arúgbó tó ń kánjú. Ó kọ ọ́ sórí ẹ̀rọ ayélujára pé òun ń mú èèyàn lọ síbi tí ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn kò tẹ̀ rí. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti máa ń ṣa olú.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ìṣòro kan ṣoṣo tó wà ni àwa. Ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá wo aginjù kì í fẹ́ rí aṣọ àwọ̀sùn Tsonka tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí okùn. Tsonka yìí ni olórí abúlé wa, obìnrin tó mọ ohun tó ń ṣe ni. Ó pe gbogbo wa jọ, a sì fẹnu kò pé bí àwọn àlejò Ognyan bá ti wà lókè, kí oníkálukú so ajá rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì, kí àwọn tí ilé wọn kọjú sí igbó sì máa fi igi gbígbẹ dáná kó má baà rú èéfín.

Pencho, tó ń sin ewúrẹ́ nísàlẹ̀ odò, béèrè pé, "Àwọn ewúrẹ́ mi ńkọ́? Ṣé kí n ní kí wọ́n má ké mọ́ ni?"

Tsonka ní, "Sọ fún wọn. Ṣebí ìwọ ni wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu."

Kò sẹ́ni tó kọ̀, torí pé bí àwọn àlejò bá ń padà sílé, Ognyan á mú wọn gba àárín wa kọjá, á ní, "Ẹ wò ó, abúlé àkọ́kọ́ lẹ́yìn aginjù nìyí!" Inú wọn á dùn bí ẹni tí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ gúnlẹ̀, wọ́n á ra wàràkàṣì, wọ́n á ra oyin, wọ́n á ra ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn. Ìdákẹ́jẹ́ wa wá di ọjà. A dákẹ́ dákẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé a gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kígbe kí ara ẹni láti òdìkejì títì.

Ní ti èmi, oúnjẹ ni iṣẹ́ mi. Ahéré àwọn agégi àtijọ́ kan wà lẹ́yìn òkè, ibẹ̀ ni àwọn àlejò ń sùn. Ognyan á fi wọ́n rìn yípo láti àárọ̀. Wọ́n á gun òkè kan, wọ́n á sọ̀ ọ́, wọ́n á tún gba ẹ̀yìn gun òkè kan náà, títí wọ́n á fi dé ahéré ní ìrọ̀lẹ́ bí ẹni tó ti Róòmù bọ̀. Èmi á gba ẹ̀yìn ọgbà wa, ọbẹ̀ mi á ṣì máa hó nígbà tí mo bá débẹ̀.

"Má kàn wọlé bẹ́ẹ̀," ni Ognyan máa ń bẹ̀ mí. "Dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó o mí hẹlẹhẹlẹ díẹ̀. Mo ti sọ fún wọn pé òdìkejì òkè lo ti ń bọ̀ láti ìdájí."

"Kí n máa mí hẹlẹhẹlẹ nítorí ibi tí mo ń dé kí n tó ráyè fún imú?"

"Nítorí Ọlọ́run, Ìyá Nedelya."

Mo kọ́ ọ. Mo wá mọ̀ ọ́n ṣe débi pé obìnrin kan láti Varna fẹ́ pe dókítà fún mi.

Ní oṣù kìíní ọdún tí mò ń sọ yìí, ilé iṣẹ́ adójútòfò kan ní Sófíà kó àwọn ọ̀gá rẹ̀ wá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ wá kọ́ ìfaradà. Ẹ̀yin ẹ gbọ́ mi: àwọn tó jẹ́ pé ẹ̀rù láburú ni wọ́n fi ń jẹun ló wá ń wá láburú kiri lórí òkè. Nígbà tí wọ́n dé ahéré tí wọ́n ń bọ́ bàtà, Ognyan yọ́ wá sílé, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Ìyá Nedelya, o ò ní gbà gbọ́. Ọ̀gá àgbà wọn, èyí tí gbogbo wọn ń pè ní Dókítà, ṣé o mọ ẹni tó jẹ́?"

"Ta ni?"

"Lyubcho ni! Lyubcho ọmọ Kolyo darandaran!"

"Ọ̀rọ̀ rèé! Lyubcho tó máa ń da yìnyín sí mi lọ́rùn nílé ìwé?"

"Òun gan-an. Ó ti sanra. Lyuben ló ń jẹ́ báyìí, imú ló sì fi ń sọ̀rọ̀."

"Ṣé ó dá ọ mọ̀?"

"Bó ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lojú wa pàdé. Mo ti lanu báyìí kí n kí i, ló bá yára na ọwọ́ sí mi, ó ní, 'Inú mi dùn láti mọ̀ yín, sà.' Ó pè mí ní sà, èmi Ognyan! Ló bá sọ fún àwọn èèyàn ẹ̀ pé Sófíà ni wọ́n bí bàbá òun sí, Sófíà ni wọ́n bí bàbá bàbá òun sí, òun ò rí ewúrẹ́ rí àfi nínú fọ́tò."

"Ìwọ náà wá wí kí ni?"

Ojú tì í díẹ̀. "Mo ní ẹsẹ̀ ènìyàn ò tẹ ibẹ̀ rí. Ó wo ọ̀nà tí bàbá ẹ̀ máa ń da ewúrẹ́ gbà, ó mi orí bí àlùfáà, ó ní, 'Ó hàn gbangba pé kò sẹ́ni tó gbabí rí.'"

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. Òpùrọ́ méjì pàdé lójú ọ̀nà, wọ́n ń kí ara wọn kú iṣẹ́.

Mo gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà lọ sí ahéré. Mo mí hẹlẹhẹlẹ, mo wọlé. Wọ́n pọ̀ díẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjì ni mi ò lè gbàgbé láéláé. Ọ̀kan ni Ìyáàfin Snezhana, tó ń bójú tó àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ yìnyín ni wọ́n ti fa orúkọ rẹ̀ yọ, ṣùgbọ́n bí ẹni ń bá orogún jà ló ṣe ń bá yìnyín jà. Èkejì ni Plamen. Ohun tó ń ṣe nílé iṣẹ́ náà ò yé mi títí dòní, ju pé ó ń ya fọ́tò, ó sì ń gbè lẹ́yìn ọ̀gá. Bí ọ̀gá bá sín, Plamen á ní òótọ́ ni.

Lyubcho jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ láti imú. "Ìyà ló ń sọ èèyàn dèèyàn," ó ń wí. "Ẹni tí kò bá ru ẹrù wúwo rí ò lè mọ ara rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ inú rírun ló máa ń mú Lyubcho yìí ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń kó koríko gbígbẹ wálé.

Ó gbójú sókè, ó rí mi. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ẹ kú iṣẹ́, màdámù," ó ní. "Níbo lẹ ti ń bọ̀?"

"Òdìkejì òkè ni, sà."

"Ó mà jìnnà o."

"Ó jìnnà gan-an ni, sà. Bí ibi téèyàn ti wá ṣe lè jìnnà tó."

Ó yára wolẹ̀. Mo gbé àwo ẹ̀wà síwájú rẹ̀, mo fi odindi ata gbígbẹ kan tì í, bí a ṣe ń ṣe. Ará Sófíà á yí ata náà síwá sẹ́yìn, á ní kí wọ́n bá òun fọ́ ọ. Lyubcho ò ronú. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì run ún, ó ju ìdí rẹ̀ sínú iná, ó da ìyókù sórí ẹ̀wà, ó fa búrẹ́dì ya, ó rì í bọ inú ọbẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

Gbogbo wọn ń wò ó.

"Ọ̀gá!" ni Plamen kígbe. "Níbo lẹ ti kọ́ ìyẹn?"

"Nínú ìwé," ni Lyubcho dáhùn. "Ìwé kan wà."

"Òótọ́ ni," Plamen wí. "Ìwé náà wà."

Ilẹ̀ ò tíì ṣú nígbà tí mo jáde lọ kó igi ìdáná. Ẹsẹ̀ ni mo gbọ́ lẹ́yìn mi.

"Zlata."

Mo yíjú padà. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé a mọ ara wa níbì kan ni?"

"Zlata, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo bẹ̀ ọ́." Imú ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ níbí ló ń sọ. "Ẹnikẹ́ni ò sọ ibi tá à ń bọ̀ fún mi. Aginjù ni wọ́n sọ. Àfìgbà tí ọkọ̀ yà lẹ́bàá ilé ìlọ-ọkà, tí àyà mi já."

"Kí ló burú nínú kó o sọ pé ọmọ ibí ni ẹ́?"

"O ò mọ ilé iṣẹ́ wa. Bí wọ́n bá gbọ́ níbẹ̀ pé bàbá èèyàn da ewúrẹ́, wọ́n á máa ké mẹ̀ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ títí yóò fi fẹ̀yìn tì. Èmi gan-an ti ké e lẹ́yìn àwọn ẹlòmíì rí."

Ó dúró síbẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ tu yìnyín.

"Ilé wa ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà?"

"Ó wà. Òrùlé ti wọlé lápá kan. Àwọn ewúrẹ́ Pencho ló ń sùn níbẹ̀."

"Nínú yàrá ìyá mi?"

"Ibẹ̀ ló gbóná jù, Lyubcho."

Ó gba igi náà lọ́wọ́ mi, ó rù ú wọlé. Mo gbọ́ ohùn Plamen nínú ahéré: "Ọ̀gá ń ru igi! Ẹ dúró bẹ́ẹ̀, ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n yà yín."

Ohun tí Ognyan gbàgbé ni pé ọjọ́ kejì ni Ọjọ́ Ìyá Agbẹ̀bí. Lọ́jọ́ náà, àwa obìnrin la ni abúlé. Ilé Ìyá Stoyna, tó gbẹ̀bí gbogbo wa, là ń lọ. A ó bomi sí i lọ́wọ́, a ó jẹ, a ó mu wáìnì, a ó wá gbé e sórí ọmọlanke tí ò ní táyà, èyí tó ń yọ̀ lórí yìnyín, a ó sì fà á pẹ̀lú orin lọ sétí odò láti bọ́jú. Ọkùnrin tó bá ko wá lọ́nà, kí Ọlọ́run kó o yọ. A ó gba fìlà rẹ̀, wáìnì ni yóò fi rà á padà. Bí kò bá ní wáìnì, a ó bọ́ ọ ní sòkòtò.

Nígbà tí Ognyan rántí, ó sáré lọ bá Ìyá Stoyna láàárọ̀ kùtù.

"Ìyá, ẹ ṣàánú mi. Ẹ jẹ́ ká sún un sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àlejò wà lókè."

Ìyá Stoyna ń so ata gbígbẹ àti ááyù àti gúgúrú pọ̀ mọ́ okùn, ẹ̀gbà ọrùn tí yóò fi jáde ni. "Ognyan," ó ní, "nígbà tí ìyá rẹ ń rọbí rẹ, ṣé mo ní kó sún un sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀?"

"Rárá, Ìyá."

"Yìnyín dé ìbàdí lọ́jọ́ yẹn. Mo wá. Kúrò níwájú iná mi."

"Ó dáa, Ìyá, ó kéré tán, ẹ má kọrin."

"Màá kọrin. Ìdákẹ́jẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń tà yẹn, mi ò fẹ́ ìpín nínú ẹ̀. Sàréè ti ń tọ́jú tèmi dè mí."

Wọ́n wá là á sí méjì: òkè fún aginjù, odò fún àwa. Ognyan ní ibi tó tẹ́jú lókè lọ́hùn-ún lòun máa mú wọn gbà, síkì ni wọn ó wọ̀, wọn ò sì ní sún mọ́ odò títí a ó fi darí sílé.

Ó ṣe bó ṣe wí. Òun ló sọ èyí fún mi nígbà tó yá. Wọ́n ń yọ̀ lọ jẹ́jẹ́, Snezhana ń ṣubú, ó ń dìde, ó ń ṣépè fún àwọn igi. Lyubcho, tó ti wà lẹ́yìn láti àárọ̀ tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ṣàdédé bọ́ síwájú nígbà tí wọ́n dé oríta.

"Ẹ jẹ́ ká gba ìhín," ó ní.

"Dókítà!" Ognyan pariwo. "Kò sọ́nà níbẹ̀! Ìkookò wà níbẹ̀!"

"Ọ̀nà wà," ni Lyubcho wí, ó sì ti wọgbó.

Ọ̀nà wà lóòótọ́. Ẹ̀yìn ilé bàbá rẹ̀ ló já sí. Ó fẹ́ dúró sáàárín igi kó yọjú wò ó lẹ́ẹ̀kan, kó sì padà. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún ti gorí ọgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ibẹ̀, síkì tí wọ́n sì fi ń rin ilẹ̀ títẹ́jú kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Lyubcho lọ, Plamen tẹ̀ lé e torí pé ọ̀gá ló lọ, Snezhana fi ìdí tẹ̀ lé Plamen, àwọn yòókù da lé wọn, Ognyan ń sáré bọ̀ lẹ́yìn, ó ń bú ìyá ara rẹ̀.

Àwa ṣẹ̀ṣẹ̀ dé etí odò ni, wáìnì ti wọ̀ wá lára, Tsonka ló ń dárin, orin kan tí mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fún yín. Ni nǹkan bá ń ya bọ̀ láti inú igbó. Àárín wa gan-an ni gbogbo wọn wó sí.

"Ọkùnrin rèé o!" Tsonka ké. "Ọlọ́run ló rán wọn!"

Bí a ṣe bò wọ́n nìyẹn. Fìlà lọ, ìbọ̀wọ́ lọ. Plamen gbé ẹ̀rọ fọ́tò sókè, Tsonka ti wà ní ìgbànú rẹ̀. "Màdámù, ẹ jọ̀ọ́, òtútù ń mú," ó ń bẹ̀bẹ̀. Tsonka ní, "Ìyẹn la ṣe ń ní kó o mú wáìnì wá!" Snezhana ò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan, obìnrin ni, a fi wáìnì sí i lẹ́nu, a fà á mọ́ra. Kò pẹ́ tóun náà fi di Ognyan lẹ́sẹ̀ mú kí a lè rí fìlà rẹ̀ gbà.

Àárín rúdurùdu yìí ni Ìyá Stoyna ti na ọ̀pá láti orí ọmọlanke. "Ẹ fà mí sún mọ́ eléyìí," ó ní.

Lyubcho ló nawọ́ sí. Ó wà lórí eékún, síkì rẹ̀ ti kọ́ra, ó ń wá ọ̀nà láti dìde.

"Bọ́ awò yẹn kúrò lójú."

Ó bọ́ ọ.

"Yí orí sọ́hùn-ún." Ìyá fi ìka kan wá ẹ̀yìn etí rẹ̀, ó rí àpá tó ń wá. "Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Kolyo nìyí."

"Ẹ ṣì mí mú, màmá," Lyubcho fi imú wí. "Ará Sófíà ni mí."

"Sófíà ni ìdí rẹ! Ìgè ni ẹ́! Ẹsẹ̀ lo kọ́kọ́ yọ sáyé, ò ń ta wá nípàá, ìyá rẹ ń ké pe gbogbo ẹni mímọ́ tó wà lọ́run. Àtàárọ̀ dọjọ́rọ̀ ni mo fi bá ẹ fà á. Ọwọ́ yìí náà ni." Ó na ọwọ́ méjèèjì sí i lójú, wọ́n lọ́ bí gbòǹgbò igi tó ti pẹ́. "Gbogbo ọmọ tí mo gbẹ̀bí ló ti bomi sí mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ òní yìí. Àwọn tó lọ Jámánì pàápàá wá. Ìwọ nìkan ló kù. Ọdún wo lo fẹ́ wá, ọdún tí mo bá ti wọlẹ̀ tán?"

Orin ti dá. Lyubcho wo àwọn èèyàn rẹ̀, ó wo Ognyan, ó wò mí. Mo rò pé yóò tún purọ́. Mo rí i tí irọ́ náà ń bọ̀ lọ́fun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún wo ọwọ́ ìyá àgbà náà.

"Ìyá," ó ní, ohùn abúlé ló jáde, "mi ò mú omi wá."

"Kí ló wà nínú ìgò tó so mọ́ ẹ nídìí?"

"Tíì atalẹ̀ ni."

"Ṣé ó gbóná?"

"Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́."

"Dà á. Òtútù ń mú mi lọ́wọ́."

Ó ṣí i, ó dà á, tíì ń ṣàn lórí ọwọ́ ìyá àgbà náà sínú yìnyín, ooru ń rú lára yìnyín. Ó yọ ìborùn rẹ̀, ó fi nù ún ní ìka kọ̀ọ̀kan. Ó fẹnu ko ọwọ́ náà, ó gbé iwájú orí lé e, ó sì sunkún bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Kò sí obìnrin kan nínú wa tí ojú rẹ̀ gbẹ. Èmi dárí yìnyín tó dà sí mi lọ́rùn jì í níbẹ̀.

Nígbà tó dìde, ó kọjú sí àwọn ará ilé iṣẹ́ rẹ̀. "Mo ti parọ́ fún yín," ó ní. "Ọmọ abúlé yìí ni mí. Darandaran ni bàbá mi. Ìyá tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí ló gbẹ̀bí mi. Èmi náà da ewúrẹ́ títí mo fi kúrò níbí."

Plamen, tó fi ọwọ́ kan di sòkòtò mú, ló bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ lu itan.

"Ọ̀gá, ẹ mà mọ eré ṣe o!"

Àwọn yòókù gbà á, àtẹ́wọ́ ń dún nínú igbó. Snezhana ń nu ojú. "Ognyan," ó ní, "kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wa pé èyí wà nínú ètò? Ó ti wọ̀ mí lára jù."

Ognyan wò mí. Ó wo ojú ọ̀run. "A fẹ́ kó yà yín lẹ́nu ni," ó ní.

"Kì í ṣe eré!" Lyubcho kígbe.

"Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń sọ ọ́?" Snezhana sọ fún àwọn yòókù. "Díẹ̀ ló kù kí n gbà á gbọ́."

Lyubcho tú síkì sọnù, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé bàbá rẹ̀ tó wà níwájú níbẹ̀. Gbogbo wọn tẹ̀ lé e. Àwa náà tẹ̀ lé wọn, ta ló fẹ́ pàdánù irú ẹ̀? Ó dúró níwájú ilẹ̀kùn, ó ní, "Ilé bàbá mi nìyí! Ẹ wo fèrèsé yìí, ibẹ̀ ni ìyá mi máa ń jókòó sí."

Ewúrẹ́ kan yọ orí lójú fèrèsé náà, ó ń jẹ koríko.

"Wọ́n kọ́ ọ dáadáa," Plamen wí, ó sì yà á.

Ni Pencho bá fi ìbínú jáde. "Ta ló ń pariwo mọ́ àwọn ẹran mi? Èyí tó ní wàrà lọ́mú máa gbẹ!" Ó wo ojú ẹni tó dúró. "Lyubcho? Lyubcho ọmọ Kolyo! Ìwọ alákòóbá, ìwọ lo sun ilé oyin mi!"

"Oyin náà ta mí!" ni Lyubcho dáhùn.

"Ó yẹ kó ta ẹ́ kú!"

"Àgbàlagbà yìí ló mọ̀ ọ́n ṣe jù," Snezhana sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó lọ bọ Pencho lọ́wọ́, Pencho ò sì mọ ohun tí òun ṣe.

Lyubcho bá jókòó sí ìloro. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ mú un, ẹkún tún dà pọ̀ mọ́ ọn, mi ò mọ èyí tó gbẹ̀yìn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ló ti ń bẹ̀rù pé wọ́n á mọ̀. Ó wá sọ ọ́ fún wọn ní ojúkojú, ó tún mú wọn dé ilé, kò sì sẹ́ni tó gbà.

Wọ́n padà sí Sófíà pẹ̀lú ayọ̀. A gbọ́ pé fọ́tò ọ̀gá tó ń fẹnu ko ọwọ́ ìyá agbẹ̀bí ti wà lára ògiri níbi tí wọ́n ń gba àlejò. A tún gbọ́ pé òṣìṣẹ́ tuntun kò lè jókòó sẹ́nu iṣẹ́ mọ́ àfi kó kọ́kọ́ bu tíì atalẹ̀ sí Ìyáàfin Snezhana lọ́wọ́. Ìrẹ̀lẹ̀ ni wọ́n pè é. Wọ́n fi Plamen jẹ olórí ẹ̀ka tó ń rí sí i.

Òkìkí wa kàn. Nígbà tí yìnyín tún dé, gbogbo ẹni tó bá bá Ognyan sọ̀rọ̀ ló ń béèrè bóyá àwọn obìnrin tó ń bọ́ sòkòtò èèyàn wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ìdákẹ́jẹ́ mọ́. Ognyan bá ní ká máa ṣe Ọjọ́ Ìyá Agbẹ̀bí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tsonka tún pe ìpàdé: kí á tú ajá sílẹ̀, kí á máa lu agogo, kí ẹni tí igi rẹ̀ bá tutù fi dáná, kí èéfín lè pọ̀. A gbìyànjú. Lákọ̀ọ́kọ́ ó dùn. Nígbà tó ṣe, orin ń jáde lẹ́nu wa bí ẹni ń ka lẹ́tà ìjọba, àwọn míì nínú wa ń wo aago níbi tí wọ́n ti ń bọ́ sòkòtò.

Ìyá Stoyna ló kọ́kọ́ kọ̀. "Ọwọ́ mi ti mọ́ kọjá ààlà," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni mo jẹ́ agbẹ̀bí. Bó o bá tún fẹ́ òmíràn, lọ bí i, màá wá gbẹ̀bí rẹ̀."

Àlejò ti wà lójú ọ̀nà, láti Burgas. Ognyan wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó gba gèlè mi, ó wé e, ó gbé ata àti ááyù sọ́rùn, ó sì gun ọmọlanke. A fa ọkọ mi lọ sétí odò. Àwọn ará Burgas bomi sí i lọ́wọ́, wọ́n fẹnu kò ó, obìnrin kan sọ fún un pé ojú rẹ̀ jọ ti ìyá ìyá òun. Ognyan súre fún un. Mi ò rí ẹni tí mo lè wò lójú lọ́jọ́ náà.

Ní ti Lyubcho, nígbà tí yìnyín yọ́, ó dá wá. Bọ́ọ̀sì ló wọ̀. Ó mú ìṣó àti páànù wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan òrùlé ilé bàbá rẹ̀. Pencho ní kò burú, kó kàn án, àwọn ewúrẹ́ òun ò ní kó jáde torí pé ẹnì kan rántí ilé. Wọ́n jà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́. Ohun tí wọ́n yanjú rẹ̀ sí ni pé kí Lyubcho gba yàrá ìyá rẹ̀, kí àwọn ewúrẹ́ wà nínú èyí tó kù, kó sì máa ran Pencho lọ́wọ́ nígbàkígbà tó bá wá.

Mo wà níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé bánítsà, àkàrà oníwàràkàṣì wa, lọ fún wọn, tí fóònù rẹ̀ dún. Plamen ni.

"Mo wà lábúlé wa," ni Lyubcho sọ fún un. "Mo di ewúrẹ́ kan mú, wọ́n ń gé pátákò rẹ̀." Ó tẹ́tí díẹ̀, ó pa fóònù, ó fi sápò.

"Kí ló wí?" mo bi í.

"Ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní gbogbo ọ́fíìsì ń kí mi."

"Lyubcho!" Pencho jágbe láti ìsàlẹ̀ ewúrẹ́ náà. "Pa ẹjọ́ tì, kó o di ìwo mú!"